Ínsúlínì ẹlẹ́dẹ̀ àti ínsúlínì ènìyàn: ṣé bákan náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lára?

Àrẹ̀mọ Ẹ̀pẹ́ béèrè pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ìlera bàbá mi ni mo gbé wá síwájú yín, mo sì bẹ̀bẹ̀ kí ó jẹ́ ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni yóò dá mi lóhùn, kì í ṣe ẹni tí yóò ní kí a lọ máa mu àgbo.

Bàbá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni àtọ̀gbẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn fínra láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti fi wọ́n sórí abẹ́rẹ́ ínsúlínì tí a fà yọ lára ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń yí sí ínsúlínì ènìyàn, Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní èyí tí àwọn ń lò bá àwọn lára mu, wọn kò sì rí ìdí tí àwọn yóò fi fi ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti padà wálé sí Ẹ̀pẹ́ báyìí, èyí tí wọ́n kó bọ̀ sì ti tán. Kò sí fámásì tí mo dé, láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìkòròdú, tí wọ́n ní irú rẹ̀. Ti ènìyàn ni gbogbo wọn ń tà. Dókítà tí ó ń tọ́jú wọn níhìn-ín kọ ìyẹn fún wọn, èyí tí ó yá láti ṣiṣẹ́ àti èyí tí ó ń pẹ́ lára pọ̀, iye yúníìtì kan náà ni wọ́n sì ń gún láàárọ̀ àti lálẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ohun méjì ni mo ṣàkíyèsí láti ìgbà náà. Èkíní ni pé súgà wọn máa ń ga ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí wọ́n tó fi ohunkóhun kan ẹnu, ju bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀ lọ. Èkejì ni ó ń bà mí lẹ́rù. Tẹ́lẹ̀, bí súgà bá fẹ́ já wálẹ̀, òógùn yóò bò wọ́n, ọwọ́ wọn yóò máa gbọ̀n, àyà wọn yóò máa lù kìkì, àwọn fúnra wọn ni yóò sì kọ́kọ́ ní kí a bá àwọn po súgà sómi. Nísinsìnyí, ṣe ni wọ́n kàn ń dákẹ́. Ní Sátidé tí ó kọjá, mo bá wọn lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn bí ẹni tí oorun ń kùn, orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tí ó ti dolóògbé ni wọ́n sì fi ń pè mí. Nígbà tí mo fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn wò, 2.6 mmol/L ni ó gbé jáde. (Ẹ̀rọ ìlú òyìnbó ni, lórí èyí tí ó pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa, nǹkan bí 47 mg/dL ni ìyẹn.) Òógùn kan kò sí lára wọn rárá.

Bàbá fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn tuntun yìí ni ó fà á. Wọ́n ní láti nǹkan bí 1985 síwájú ni àwọn aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń pariwo pé ínsúlínì ènìyàn kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ nígbà tí súgà bá ń já, tí àwọn dókítà kan sì ń sọ fún wọn pé inú orí wọn ni ó wà. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé iṣẹ́ kan náà ni oríṣi méjèèjì ń ṣe nínú ara? Ṣé òótọ́ wà nínú ohun tí Bàbá ń sọ? Àti pé, ṣé kí n wá ọ̀nà tí wọn yóò fi máa fi ti ẹlẹ́dẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn láti òkè òkun?

Apòògùn Ìkòròdú fèsì pé:

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o, Ọlọ́run yóò fún wọn lálàáfíà. Mo ń ṣiṣẹ́ ní fámásì, n kì í ṣe dókítà wọn, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ nípa oògùn náà ni n ó sọ, n kò ní sọ iye tí ẹ óò gún.

Purotéènì kékeré kan ni ínsúlínì. Ásíìdì amínò 51 ni a so pọ̀ di í, ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n sì wà: 21 wà lára ọ̀wọ́ A, 30 wà lára ọ̀wọ́ B. Frederick Sanger, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tú wọn palẹ̀ títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, iṣẹ́ yìí ni wọ́n sì torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1958. Nígbà tí a gbé ti ẹlẹ́dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ènìyàn, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ti yàtọ̀, ìyẹn ní ìkangun ọ̀wọ́ B, níbi tí ásíìdì amínò tí ń jẹ́ threonine wà lára tiwa tí òmíràn tí ń jẹ́ alanine sì wà lára ti ẹlẹ́dẹ̀. Ti màlúù yàtọ̀ ní ojú mẹ́ta. Ojú kan tí ti ẹlẹ́dẹ̀ fi yàtọ̀ yìí kò sí lára ibi tí ínsúlínì fi ń di sẹ́ẹ̀lì mú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá fa ìwọ̀n kan náà nínú oríṣi méjèèjì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tààrà, súgà yóò lọ sílẹ̀ bákan náà: ẹ̀dọ̀ yóò dẹwọ́ títú súgà sínú ẹ̀jẹ̀, ẹran ara yóò gba súgà wọlé, ọ̀rá yóò ṣíwọ́ yíyọ́, àwọn kétóònù tí í máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan kò sì ní rí àyè pọ̀ sí i. Ní ti iṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ àti inú sẹ́ẹ̀lì, n kò mọ ohun tí a lè fi ya ti ẹlẹ́dẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń fa ínsúlínì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ nílé. Abẹ́ awọ ni à ń gún un sí, ìrìn láti abẹ́ awọ dé inú ẹ̀jẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ ti ń yọjú. Threonine tí ó wà lára ti ènìyàn fẹ́ràn omi ju alanine lọ, nítorí náà ínsúlínì ènìyàn a máa tètè kúrò níbi tí a gún un sí díẹ̀ ju ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ, ti màlúù ni ó sì máa ń lọ́ra jù. Èyí tí ó bá tètè dé náà ni ó máa ń tètè tán. Lára èyí tí ó yá, ìyàtọ̀ náà kéré. Lára èyí tí ó pẹ́, tí ojú rẹ̀ máa ń dà bí omi wàrà nínú ìgò, ó hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń mú kí ìyẹn pẹ́ ni protamine, purotéènì tí Hagedorn, dókítà ará Denmark, kọ́kọ́ pò mọ́ ínsúlínì ní 1936, àtọ̀ ẹja ni wọ́n sì ti ń fà á yọ. (Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹja yín kò ṣẹ́kù síbi kan.) Nígbà tí wọ́n pò ó mọ́ ti ènìyàn, kò pẹ́ lára tó bí ó ti ń pẹ́ nígbà tí wọ́n bá pò ó mọ́ ti ẹranko.

Mo gbà pé ibẹ̀ ni àlàyé súgà òwúrọ̀ Bàbá ti lè wá. Bí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ alẹ́ ní aago méje, kí wọ́n tó jẹun, èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lè gbé wọn dé òwúrọ̀ láìsí wàhálà, nígbà tí tuntun yìí yóò ti máa rẹ̀yìn ní aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìdájí, ní àkókò tí ẹ̀dọ̀ gan-an máa ń tú súgà jáde fún ìpalẹ̀mọ́ ọjọ́ tuntun. Àwọn dókítà a máa yanjú rẹ̀ nígbà mìíràn nípa pínpín oríṣi méjèèjì níyà, kí aláìsàn gún èyí tí ó yá kí ó tó jẹun alẹ́, kí ó sì dá èyí tí ó pẹ́ dúró di ìgbà tí ó bá fẹ́ sùn. Ẹ bi dókítà yín nípa rẹ̀. Ẹ má ṣe kàn fi yúníìtì kún ti alẹ́ fúnra yín, nítorí pé ní òru ni àfikún náà yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ó tó kan òwúrọ̀ tí ẹ ń lépa.

Ní ti iye tí wọ́n ń gún, ìlànà tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀lé ni pé ẹni tí ó bá ti orí ti ẹlẹ́dẹ̀ bọ́ sórí ti ènìyàn kì í sábà nílò àyípadà nínú iye yúníìtì, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ dáadáa. Ẹni tí ó bá ti orí ti màlúù bọ́ ni wọ́n máa ń dín tirẹ̀ kù pẹ̀lú nǹkan bí 10 nínú 100. Ìdí ni pé ti màlúù jẹ́ àjèjì sí ara jù, ara a máa pèsè èròjà tí yóò gbógun tì í, àwọn èròjà yìí a sì máa di apá kan oògùn náà mú kí ó tó ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọn kò tíì mọ bí a ṣe ń fọ oògùn náà mọ́ dáadáa, ojú ibi tí àwọn ènìyàn ń gún abẹ́rẹ́ sí a máa jin kòtò, ọ̀rá abẹ́ awọ ibẹ̀ yóò ti jẹ tán. Ti ẹlẹ́dẹ̀ tí a fọ̀ mọ́ dáadáa kì í fa irú èyí púpọ̀.

Alhaja Ayétòrò fèsì pé:

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ má bínú pé mo fẹ́ yà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn mí, nítorí pé ọkọ mi náà ń gún abẹ́rẹ́ yìí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ fún wọn, wọ́n kọ̀ láti gún un, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un jáde. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ pé ti ènìyàn ni eléyìí, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i: ènìyàn wo ni wọ́n pa? Ààfáà wa ni ó bá wa dá sí i. Wọ́n ka orí kejì Kùránì, áyà 173, níbi tí Ọlọ́run ti ní ẹni tí dandan bá mú, láìṣe pé ó fẹ́ rú òfin, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì ní bí kò bá sí òmíràn tí yóò dá ẹ̀mí sí, kí ènìyàn lo èyí tí ó wà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin oníṣẹ́ ìlera, níbo gan-an ni wọ́n ti ń rí ti ènìyàn? Mo fẹ́ ka ìdáhùn yín sí Alhaji létí.

Nọ́ọ̀sì Àgbádárìgì fèsì pé:

Wà àlékúmù sàlámù, Alhaja. Ẹ sọ fún Alhaji pé kò sí ẹni tí wọ́n pa. Inú kòkòrò bakitéríà tàbí inú ìwúkàrà, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní 1978, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà kọ ìtọ́ni tí ara ènìyàn fi ń ṣe ínsúlínì, wọ́n sì fi í sínú bakitéríà tí wọ́n ń pè ní E. coli, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ínsúlínì fún wọn. Ní 1982 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún títà. Ní ìgbà kan náà, àwọn ará Denmark ń gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń mú ti ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń yọ alanine tí Apòògùn mẹ́nu kàn yẹn kúrò, wọ́n sì ń fi threonine rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn náà bọ́ sórí ìwúkàrà. Nítorí náà, èyí tí Alhaji ń lò lónìí kò bá ẹlẹ́dẹ̀ tan.

Ó di orí ọ̀rọ̀ Bàbá Ẹ̀pẹ́. Lórí súgà òwúrọ̀, Apòògùn ti sọ ọ́ dáadáa. Èkejì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé òun ni ó lè gba ẹ̀mí.

Bàbá kò purọ́ nípa ariwo ìgbà náà. Ní 1987, àwọn dókítà méjì ní Siwitsalandi, Teuscher àti Berger, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet nípa àwọn aláìsàn tí kì í mọ̀ mọ́ nígbà tí súgà wọn bá ń já lẹ́yìn tí wọ́n yí wọn sórí ti ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí ṣe ìdánwò tí ó jẹ́ pé aláìsàn kò mọ èyí tí à ń gún fún un, dókítà pàápàá kò mọ̀. Ní 2005, ẹgbẹ́ Cochrane, àwọn tí ó máa ń kó àbájáde ìdánwò ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, kó ìdánwò 45 jọ, àwọn aláìsàn tí ó wà nínú wọn jẹ́ 2,156, ohun tí wọ́n sì rí ni pé kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín oríṣi méjèèjì nínú ìkáwọ́ súgà tàbí nínú iye ìgbà tí súgà ń já wálẹ̀ jù.

Kí ló wá fà á tí òógùn Bàbá fi dákẹ́? Àwọn ohun tí ó lè fà á pọ̀. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ lórí àtọ̀gbẹ, àwọn iṣan tí ń gbé ìkìlọ̀ kiri ara rẹ̀ lè ti rẹ̀. Kíndìnrín tí ó bá ti ń darúgbó kì í tètè kó ínsúlínì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, oògùn tí ó yẹ kí ó ti tán a sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, tí àwọn ará ilé kì í sì í fura sí, ni pé bí súgà bá ti já lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara kì í pariwo mọ́ nígbà tí ó bá tún já. Ìkìlọ̀ a máa pẹ́ kí ó tó dé, ọpọlọ a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà kí ọwọ́ tó gbọ̀n. Bí Bàbá ṣe pe Àrẹ̀mọ ní orúkọ ẹlòmíràn yẹn, ọpọlọ tí kò rí súgà lò ni ó ń sọ̀rọ̀.

Mo ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá irú atenolol tàbí propranolol? Ibo lára ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ sí? Kí ni wọ́n sì máa ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un tán?

Kí n má baà gbàgbé: bí irú ti Sátidé bá tún ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún wọn ní ṣíbí ìpotíì mẹ́rin súgà nínú omi, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wọn ẹ̀jẹ̀ náà, lẹ́yìn náà kí wọ́n jẹ oúnjẹ gidi. Bí wọn kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má fi ohunkóhun sí wọn lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Ìlú Àgbádárìgì fèsì pé:

Láti kékeré ni èmi ti ń gún ínsúlínì, ti ènìyàn ni mo sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, n kò lo ti ẹranko rí, nítorí náà n kò ní ohun tí n ó fi wé e. Síbẹ̀, ó dà bí ẹni pé a fẹ́ tètè pa ọ̀rọ̀ Bàbá tì. Ìdánwò 45 dára, àmọ́ àwọn tí ó kó wọn jọ fúnra wọn sọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣe é fọkàn tán tó, pé àwọn tí ó ṣe wọ́n kò sì wádìí bí ìgbé ayé aláìsàn ṣe rí lójú aláìsàn fúnra rẹ̀, tàbí bóyá àrùn àtọ̀gbẹ gba ojú tàbí kíndìnrín lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ohun tí wọ́n rí ni pé, bí a bá kó gbogbo ènìyàn pọ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ìyẹn kò ní kí ẹnìkan ṣoṣo láàárín wọn má rí ìyàtọ̀ lára tirẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kò dúró de kí ọ̀rọ̀ náà yanjú kí wọ́n tó pa ti ẹranko tì. Ní Amẹ́ríkà, ti màlúù kúrò lọ́jà ní 1998, ti ẹlẹ́dẹ̀ náà sì tẹ̀lé e ní nǹkan bí 2005. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aláìsàn jà fún un, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an. N kò sọ pé ti ẹranko ni ó dára jù. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má ṣe dá àgbàlagbà tí ó ti ń gún abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa lóhùn pé ìrò lásán ni ó ń rò.

Nọ́ọ̀sì Àgbádárìgì fèsì pé:

Ọmọ Ìlú, mo gbà pẹ̀lú yín pé ẹnìkan lè yàtọ̀ sí àwùjọ, mo sì gbà pé kò yẹ kí dókítà kankan fi aláìsàn ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí mo ń sá fún ni kí a di ẹ̀bi náà ru oògùn tuntun, kí a sì padà sílé láìwádìí ohun tí a lè tún ṣe. Àwọn tí wọ́n yí ní ìgbà náà pẹ̀lú, kì í ṣe oríṣi oògùn nìkan ni ó yí fún wọn. Láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lórí ìgò oníyúníìtì 40 àti 80 (iye tí ó wà nínú mílílítà kan) bọ́ sórí oníyúníìtì 100, ní 1983, ẹ̀rọ ìwọn-súgà ń wọ ilé àwọn aláìsàn, àwọn dókítà sì ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú súgà wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí nǹkan mẹ́rin bá yí lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò mọ èwo nínú wọn ni ó mú òógùn lọ?

Àrẹ̀mọ Ẹ̀pẹ́ fèsì pé:

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo jókòó ti Bàbá lálẹ́ àná, mo sì bi wọ́n ní ìbéèrè Nọ́ọ̀sì. Òótọ́ ni, atenolol wà lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí òógùn ṣì ń bò wọ́n. Itan ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ àárọ̀ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n lè rí láìwo dígí. Bí wọ́n bá gún un tán, wọ́n á mu tíì, wọ́n á jẹ búrẹ́dì bín-ń-tín, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà ẹja Olúwo láti lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n á tún fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀, oúnjẹ òwúrọ̀ wọn sì máa ń pọ̀. Ní Sátidé yẹn, ìkọ́kọrẹ́ pẹ́ kí ó tó jinná, aago mẹ́ta ti ń lọ lù nígbà tí mo bá wọn lórí àga, wọn kò sì tíì jẹun ọ̀sán.

Mo tún wo ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà. Ó ti já wálẹ̀ sí 3.1 àti 2.9 lẹ́yìn ọ̀sán ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Nọ́ọ̀sì Àgbádárìgì fèsì pé:

Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Atenolol a máa fi gbígbọ̀n ọwọ́ àti lílù àyà pamọ́, ṣùgbọ́n kì í fi òógùn pamọ́, nítorí náà òun nìkan kọ́. Itan tí ènìyàn gún tí ó sì fi rìn ọ̀nà jíjìn lójú ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn yára níbẹ̀ yóò ti oògùn náà wọlé kíákíá. Ti ènìyàn tí ó ti ń yára díẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò wá yára sí i, oúnjẹ òwúrọ̀ kò sì pọ̀ tó láti pàdé rẹ̀. Èyí tí ó pẹ́ nínú abẹ́rẹ́ àárọ̀ náà wá dé góńgó rẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí ìkọ́kọrẹ́ ṣì wà lórí iná. Ó ti já tó ẹ̀ẹ̀mejì ṣáájú Sátidé, ara sì ti dákẹ́ ìkìlọ̀.

Ohun kan tí ó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé ìkìlọ̀ a máa padà. Bí dókítà bá lè tún oògùn náà tò tí súgà kò fi ní já rárá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òógùn àti gbígbọ̀n ọwọ́ yẹn a máa tún bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ aláìsàn. Kí wọ́n máa gún ti àárọ̀ sí ikùn, kí wọ́n jẹun dáadáa kí wọ́n tó jáde, kí wọ́n fi súgà sápò, kí ẹ sì má jẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán kọjá aago kan.

Apòògùn Ìkòròdú fèsì pé:

Lórí ìbéèrè kẹta, nípa kí wọ́n máa fi ti ẹlẹ́dẹ̀ ránṣẹ́: kò sí ewu nínú oògùn náà fúnra rẹ̀, bí dókítà bá sì gbà pé kí Bàbá padà sórí rẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ìrìn àjò rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù. Ìgò tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 ní ìwọ̀n Celsius láti ibẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Bí ó bá jókòó sínú ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ méjì nínú oòrùn, ẹ ó gba omi tí agbára ti tán lára rẹ̀, ojú lásán kò sì ní lè fi í hàn yín. Bí ọ̀kan bá sì pẹ́ dé, wọn yóò máa bọ́ láti orí èyí sórí èyí, ìyẹn sì burú ju kí wọ́n dúró lórí ọ̀kan lọ.

Ní tèmi, n ó kọ́kọ́ fún èyí tí ó wà ní àdúgbò ní àyè láti ṣiṣẹ́ lọ́nà tí ó yẹ. Kí ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ wọn súgà Bàbá kí wọ́n tó jẹun ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n tó sùn, àti ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru fún alẹ́ díẹ̀, nítorí pé súgà tí ó ga lówùúrọ̀ lè jẹ́ pé oògùn alẹ́ ti tán ní ìdájí, ó sì lè jẹ́ pé ó já jù lóru. Ìtọ́jú àwọn méjèèjì kò jọra. Ẹ kọ aago, iye tí ẹ̀rọ gbé jáde, ibi tí wọ́n gún àti ohun tí wọ́n jẹ sí ojú ìwé kan náà, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání lọ.